Àdírẹ́sì Lè Yí, Nọ́ńbà Kò Gbọdọ̀ Yí

Ìdílé Yorùbá tí kò mọ ohun tí SS jẹ́ ṣọ̀wọ́n. Kí ọ̀pọ̀ ìjọ tó so tọkọtaya pọ̀, wọ́n á ní kí àwọn méjèèjì lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá, nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ohun tó ń fa ìnira ńlá yìí kò ju ìyípadà lẹ́tà kan ṣoṣo nínú DNA lọ: A di T, nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní HBB, lórí kúrómósómù kọkànlá. Síbẹ̀, orúkọ tí lẹ́tà kan yìí ń jẹ́ pọ̀. Dókítà ń pè é ní HbS. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí purotéènì ń pè é ní Glu6Val, nítorí pé ipò kẹfà ni wọ́n ka ìyípadà náà sí; àwọn mìíràn tí wọ́n ka èròjà tó ṣíwájú mọ́ ọn ń pè é ní Glu7Val. Ẹlòmíràn á kọ c.20A>T. Ó dà bí ọmọ tuntun tí bàbá àgbà sọ lórúkọ kan, tí ìyá àgbà sọ ní òmíràn, tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tún fi tirẹ̀ kún un. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ orúkọ ọmọ náà, ṣùgbọ́n àlejò tó gbọ́ orúkọ mẹ́ta lè rò pé ọmọ mẹ́ta ló wà nílé. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà tí a bá ní kó yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ìwádìí wò.

Lọ́dún 1998, NCBI, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kan tó ń pa dátà nípa DNA àti ẹ̀dá alààyè mọ́, bẹ̀rẹ̀ àká kan tó ń jẹ́ dbSNP. Iṣẹ́ àká náà ni láti fún irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Èyí tó ń fa SS gba rs334. Kò sí ibòmíràn nínú DNA ènìyàn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ rs334 ní Ìbàdàn, ẹni tó kọ ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, àti ẹni tó kọ ọ́ ní Salvador ní Bràsíìlì, ohun kan náà ni wọ́n ń wí, kò sì sí àríyànjiyàn pé ṣé kẹfà ni tàbí ìkeje.

Irú nọ́ńbà ìdánimọ̀ yìí ni gbogbo dátà ìwádìí nílò, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìwà méjì. Ohun kan ṣoṣo ni kó máa tọ́ka sí, kó má ṣe bá nǹkan mìíràn pín in. Bákan náà, kó má ṣe kú: ẹni tó bá rí i nínú ìwé lẹ́yìn ogún ọdún gbọ́dọ̀ lè tẹ̀lé e dé ibi tí dátà wà, tàbí ó kéré tán, dé ibi tí wọn yóò ti sọ fún un ohun tó ṣẹlẹ̀ sí dátà náà. Ìwà kìíní kò le láti ní. Ìkejì ló ń fún ayé ní wàhálà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i lọ́dọ̀ rs334, torí ó fi ìdí ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Àwọn onímọ̀ ní àwòrán ilẹ̀ kan fún DNA ènìyàn, tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan báyìí wà ní ipò báyìí lórí kúrómósómù báyìí. Lórí àwòrán tó jáde ní 2009, tó ń jẹ́ GRCh37, ipò 5,248,232 ni rs334 wà. Nígbà tí àwòrán tuntun, GRCh38, jáde ní ìparí 2013, wọ́n ti tún àwọn ibi tó ní àṣìṣe ṣe, wọ́n sì ti dí àwọn àlàfo kan. Ìdí nìyẹn tí ìyípadà kan náà fi bọ́ sí ipò 5,227,002. Kò sí ohun tó ṣí nípò nínú ara ẹnikẹ́ni. Àwòrán ló yí. Ẹni tó kọ ipò nìkan sínú ìwé rẹ̀ ní 2012, tí kò sọ àwòrán tó lò, ti rán òǹkàwé ọdún 2020 lọ sí ilé onílé. Ẹni tó kọ rs334 kò ní ìṣòro kankan, nítorí àká náà fúnra rẹ̀ ló ń tún ipò kọ sábẹ́ nọ́ńbà nígbà gbogbo.

Àṣírí ibẹ̀ nìyẹn: a ya orúkọ sọ́tọ̀ kúrò lára àdírẹ́sì. Orúkọ dúró, àdírẹ́sì wà nínú ìwé kan tí ẹnìkan ń tún kọ bí nǹkan bá ṣe ń ṣí.

Líǹkì lásán lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní irú ìyàsọ́tọ̀ yìí. Líǹkì àdírẹ́sì ni, kì í ṣe orúkọ. Ó ń sọ kọ̀ǹpútà tí fáìlì wà nínú rẹ̀, fódà tó wà, àti ohun tí fáìlì ń jẹ́. Bí yunifásítì bá tún ìkànnì rẹ̀ ṣe, tí ẹni tó ń bójú tó o bá fẹ̀yìn tì, tí owó orúkọ ìkànnì kò bá wọlé lásìkò, líǹkì á kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fáìlì wà níbìkan láìfarapa. Ọ̀pọ̀ olùwádìí kì í sì fi líǹkì síbẹ̀ rárá. Wọ́n á kọ ọ́ sí ẹsẹ̀ ìwé pé ẹni tó bá fẹ́ dátà kó kọ̀wé sí àwọn. Ní 2014, Timothy Vines àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Current Biology. Wọ́n wá dátà ìwé ìwádìí 516, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 2 sí 22. Wọ́n rí i pé ìṣeéṣe pé dátà ṣì wà ń fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lọ́dọọdún. Àwọn kan, ímeèlì wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ti àwọn mìíràn wà lórí irú díìsìkì tí kò sí ẹ̀rọ tó lè kà á mọ́. Owó àwọn ará ìlú ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mí pé ibi tó ń parí sí nìyẹn.

Àpẹẹrẹ kan kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Iṣẹ́ àgbáyé kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, HapMap, fẹ́ mọ bí DNA ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra. Nínú ènìyàn 269 tí wọ́n lò ní ìpele kìíní, 90 jẹ́ Yorùbá láti Ìbàdàn: ọgbọ̀n ìdílé, bàbá, ìyá àti ọmọ. Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Yunifásítì Howard nígbà náà, wà lára àwọn tó ṣáájú iṣẹ́ náà, wọ́n sì kọ́kọ́ jókòó bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹnikẹ́ni. Wọn kò so orúkọ ẹnì kankan mọ́ ẹ̀jẹ̀ náà. Nọ́ńbà ni olúkúlùkù gbà ní ilé ìpamọ́ Coriell ní Amẹ́ríkà. Bí ó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì ni ẹ fẹ́, nọ́ńbà náà á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GM. Bó bá jẹ́ DNA tí wọ́n yọ láti inú sẹ́ẹ̀lì yẹn, á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA. NA18507, ọkùnrin Yorùbá kan láti Ìbàdàn, ni ẹni tí wọ́n ka gbogbo DNA rẹ̀ tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 2008. NA19240 jẹ́ ọmọbìnrin. NA19238 ni ìyá rẹ̀, NA19239 sì ni bàbá rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára àwọn tí iṣẹ́ 1000 Genomes fi bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, láàbù káàkiri ayé ti ń lo DNA wọn láti dán ẹ̀rọ tuntun wò. Nítorí nọ́ńbà yẹn, ohun tí láàbù kan rí ní 2008 àti ohun tí òmíràn rí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ṣeé fi wé ara wọn, torí ẹnì kan náà ni. Kódà àwọn olùṣàkóso iṣẹ́ náà sọ bí a ṣe gbọ́dọ̀ pe àwùjọ wọn: Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà, tí a gé kúrú sí YRI. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé gbogbo Yorùbá ni, áḿbọ̀sì gbogbo Áfíríkà.

Ní 2016, NCBI ti ìkànnì HapMap pa. Líǹkì tí àwọn ènìyàn ti fi sínú ìwé wọn di òkú lọ́jọ́ kan. Wọ́n kó dátà náà pamọ́ síbòmíràn, nítorí náà kò parun, ṣùgbọ́n ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé líǹkì pàdánù ọ̀nà. Ẹni tó kọ NA19240 àti rs334 kò pàdánù ohunkóhun.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀ ló ní dbSNP tàbí Coriell tirẹ̀. Ẹni tó wọn omi odò Ọ̀ṣun fún oṣù mẹ́fà, ẹni tó gba ohùn àwọn àgbà tó ń pe oríkì sílẹ̀, ẹni tó ka iye kòkòrò tó wà lórí ewé ẹ̀gẹ́, níbo ni wọn yóò ti gba nọ́ńbà? Fún irú wọn ni nọ́ńbà tó ń jẹ́ DOI wà. Ètò kan tí Robert Kahn, ọ̀kan lára àwọn méjì tó ṣe òfin ìbánisọ̀rọ̀ tí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò, gbé kalẹ̀ ni DOI dúró lé. Handle System ni ètò náà ń jẹ́. Lọ́dún 2012, DOI di ìlànà àgbáyé tí àjọ ISO fọwọ́ sí, nọ́ńbà 26324. Àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì máa ń gba tiwọn lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Crossref. Fún dátà, DataCite, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2009 tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Hannover ní Jámánì, ni ọ̀pọ̀ ń lò.

DOI ní apá méjì tí igi kan (/) là láàárín. Apá àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 àti àmì ìdánudúró, nọ́ńbà ẹni tó forúkọ sílẹ̀ á tẹ̀ lé e. 10.5281, fún àpẹẹrẹ, ti Zenodo ni, ibi ìpamọ́ tí ilé ìwádìí CERN dá sílẹ̀ ní 2013 lẹ́bàá ìlú Geneva. Lẹ́yìn igi náà ni ohun tí ẹni náà bá fẹ́ pe fáìlì yẹn, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti lò ó fún òmíràn. Nípa báyìí, kò sí ẹni tó nílò láti béèrè lọ́wọ́ gbogbo ayé bóyá ẹnikẹ́ni ti lo nọ́ńbà kan: olúkúlùkù ní ọgbà tirẹ̀, inú ọgbà yẹn nìkan ló ti ń ṣọ́ra.

Bí ẹ bá tẹ doi.org, kí ẹ fi igi kan sí i, kí ẹ wá kọ nọ́ńbà náà, kì í ṣe ibi tí dátà wà gan-an lẹ kọ́kọ́ dé. Kọ̀ǹpútà doi.org á yẹ ìwé rẹ̀ wò, á rí àdírẹ́sì tó wà níwájú nọ́ńbà yẹn lónìí, á sì darí yín lọ síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kò fi mọ̀ pé àwọn gba ibì kan kọjá. Bí ibi ìpamọ́ bá kó lọ sí ìkànnì mìíràn, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yí àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò yí i, gbogbo ìwé ìwádìí tó ti kọ nọ́ńbà náà káàkiri ayé á sì tún máa ṣiṣẹ́.

Ibi tí DOI ń gbé yín lọ kì í sábà jẹ́ fáìlì fúnra rẹ̀, bí kò ṣe ojúewé àlàyé. DataCite kò ní gba nọ́ńbà wọlé láìsí ẹni tó ṣe dátà, àkọlé rẹ̀, ẹni tó gbé e jáde, ọdún tó jáde, àti irú nǹkan tó jẹ́. Ojúewé yìí ṣe pàtàkì fún ìdí kan tí àwọn ènìyàn kì í ronú kàn. Bí wọ́n bá ní láti yọ dátà kúrò, bóyá torí pé ẹni tó gbà kí wọ́n lo ọ̀rọ̀ òun ti yí ọkàn padà, ojúewé náà kò gbọdọ̀ lọ. Á dúró láti sọ pé dátà kan wà níbí rí, orúkọ rẹ̀ nìyí, wọ́n yọ ọ́ ní ọjọ́ báyìí, fún ìdí báyìí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa ni pé kò sí agbára kankan nínú nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Ènìyàn ló ń mú un wà láàyè. Ní oṣù January 2015, fún wákàtí mélòó kan, àìmọye DOI kò gbé ènìyàn lọ síbi kankan mọ́. Kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà bàjẹ́. Wọn kò san owó orúkọ ìkànnì doi.org lásìkò ni, bí ẹni tó gbàgbé owó ilé. Kò sí nọ́ńbà kankan tó sọnù, wọ́n sì tún un ṣe kíákíá, ṣùgbọ́n ó hàn sí gbogbo ayé pé ìlérí ni ètò yìí, kì í ṣe idán. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ ká bi ibi ìpamọ́ èyíkéyìí ni pé: ta ló ń san owó yín, ta ni yóò sì gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ yín bí owó náà bá tán?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà náà tún wà. Ní January 2020, àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà gbé àkọsílẹ̀ lẹ́tà kòkòrò COVID-19 àkọ́kọ́ sínú àká kan tó ń jẹ́ GenBank. RNA ni kòkòrò náà ń lò, kì í ṣe DNA, àmọ́ bákan náà ni wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ ni MN908947. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ní lẹ́tà 30,473. Wọ́n rí i pé àṣìṣe wà ní ìrù rẹ̀, wọ́n tún un ṣe, ẹ̀dà kẹta sì ní 29,903. MN908947.3 ni wọ́n ń kọ èyí, àmì ìdánudúró àti 3 tó gbẹ̀yìn ń sọ ẹ̀dà. Ní oṣù March ọdún yẹn, láàbù ACEGID ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, tí Christian Happi ń darí, ka lẹ́tà kòkòrò tó wà lára ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn náà ní Nàìjíríà. Òun ni àkọ́kọ́ láti Áfíríkà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ ibi tí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti Wuhan ní Ṣáínà, ìyẹn MN908947, gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀dà tó fi wé. Láìsí 3 kékeré yẹn, ìyàtọ̀ tó rí lè jẹ́ àṣìṣe àtijọ́ tí wọ́n ti tún ṣe. Zenodo náà ń ṣe irú ìyàtọ̀ yìí: ó ń fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní DOI, ó sì ń fún gbogbo ẹ̀dà lápapọ̀ ní ọ̀kan tó máa ń tọ́ka sí èyí tó dé kẹ́yìn. Nínú ìwé ìwádìí, ti ẹ̀dà tí ẹ lò gan-an ni kí ẹ kọ.

Àwọn ènìyàn máa ń fẹ́ kí nọ́ńbà sọ nǹkan, kó ní orúkọ ìlú tàbí ọdún nínú. Lójú tèmi, ewu ni. Orúkọ tó ní ìtumọ̀ ló máa ń yí nígbà tí ìtumọ̀ bá yí, tàbí nígbà tó bá jọ nǹkan mìíràn. Jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní MARCH1 tẹ́lẹ̀, òmíràn sì wà tó ń jẹ́ SEPT1. Bí ènìyàn bá tẹ̀ wọ́n sínú Excel, Excel á rò pé ọjọ́ oṣù ni, á sọ wọ́n di ọjọ́ kìíní oṣù March tàbí September. Ìwádìí kan ní 2016 rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwé tó ní àtòjọ jíìnì nínú Excel ló ní irú àṣìṣe yìí. Ní 2020, ìgbìmọ̀ tó ń fún jíìnì lórúkọ kúkú yí wọn padà sí MARCHF1 àti SEPTIN1. Orúkọ yí, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ìgbìmọ̀ náà ti fún jíìnì kọ̀ọ̀kan kò yí. Nọ́ńbà tí kò sọ nǹkankan kò ní ìdí láti yí.

Ọ̀rọ̀ náà kan orúkọ àwa fúnra wa. Olùwádìí Yorùbá mélòó ló ń jẹ́ O. Adéyẹmí? Ìwé ìròyìn kan á fi àmì ohùn sí i, òmíràn á yọ ọ́. Obìnrin tó tẹ ìwé jáde kí ó tó relé ọkọ, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́ lẹ́yìn náà, iṣẹ́ rẹ̀ á wá dà bí ti ẹni méjì. ORCID, tó bẹ̀rẹ̀ ní October 2012, ń fún olùwádìí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà oní-ipò 16 lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ ni wọ́n ń ṣírò láti ara mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣáájú, kí kọ̀ǹpútà lè tètè mọ̀ bí ẹnìkan bá ṣi òǹkà tẹ̀. Nígbà tí ORCID bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ lójúewé DOI, kò sí ẹni tó lè gba iṣẹ́ oníṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nítorí orúkọ tó jọra.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá gba nọ́ńbà, àwọn ti tú dátà sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú dátà DNA tí iṣẹ́ H3Africa kó jọ ní ilẹ̀ Áfíríkà wà ní àká EGA ní Yúróòpù. Nọ́ńbà wọn hàn sí gbogbo ènìyàn, ẹnikẹ́ni lè mọ̀ pé dátà náà wà àti ohun tó dá lé, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ wò ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè, kí ìgbìmọ̀ kan sì gbà fún un. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wa ló wà níbẹ̀, ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ní dátà tiyín, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí yunifásítì yín bá ra ètò tirẹ̀. Zenodo ń gba fáìlì tó tó 50GB lẹ́ẹ̀kan láìgba kọ́bọ̀. Ó tún lè fi DOI pamọ́ fún yín kí ẹ tó gbé dátà jáde, kí ẹ lè kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí tí ẹ ń fi ránṣẹ́. Àárín àtòjọ ìwé tí ẹ tọ́ka sí ni kí ẹ kọ ọ́ sí pẹ̀lú àwọn ìwé yòókù, ẹ má ṣe fi pamọ́ sínú gbólóhùn ìdúpẹ́ ní ìparí. Lọ́jọ́ tí ìwé yín bá jáde, ẹ tẹ nọ́ńbà náà láti orí fóònù ẹlòmíràn. Bí kò bá gbé e dé ojúewé àlàyé, ẹ kọ̀wé sí ibi ìpamọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹlòmíràn tó da nọ́ńbà tí kò ṣiṣẹ́ kọ sínú ìwé tirẹ̀.